Òkúta Tí Mo Fi Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Ìlá ní ọjọ́ ìsinmi tí mo ṣe ìdúpẹ́, ẹ̀yin ni mo ń kọ ìwé yìí sí ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ẹ ó rántí pé mo gba máìkì, mo ní Ọlọ́run mú mi dé ilẹ̀ yìnyín ní Nọ́wè, ó lò mí láti gba abúlé kan là, ó sì mú mi padà wálé láìfarapa. Gbogbo yín ṣe àmín. Bàbá mi, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì, tí ẹ mọ̀ pé kì í sunkún, yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu ojú. Ìyá kan tilẹ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ọmọ òun lórí.

Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo lọ lóòótọ́, mo sì bọ̀ láìfarapa, ṣùgbọ́n n kò gba abúlé kankan là. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ń tì mí lójú débi pé bí ẹnì kan bá pè mí ní "Tíṣà oníyìnyín" ní oríta Adébáyọ̀, mo máa ń yára gun ọ̀kadà tó bá sún mọ́ mi, kódà bí kò bá lọ sí ibi tí mò ń lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tó oṣù mẹ́ta tí òtítọ́ fi bá a, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ilẹ̀ tí wọn kì í kí ènìyàn

N kò ní fi ọ̀rọ̀ físà àti bàálù yọ yín lẹ́nu. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, jọ́gíráfì, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, pé mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń fi rédà ojú ọ̀run wọn ìrìn yìnyín, wọ́n sì ní kí n wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù méje. Nígbà tí mo dé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, mò ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé mo ti dé ulé tí bàálù ń gbé. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

"Ọmọ Èkìtì! Ẹ kú òtútù o, ará orí òkè!" Ará Ìbàdàn ni. Ó ní "ulé" tí mo pe "ilé" nìkan ni òun gbọ́ tí òun fi mọ̀. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí mo wá ṣe, ó ní, "Òkè àti òkúta? Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ lọ kọ́ wọn níṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára ju kóòtù tí mo wọ̀ lọ. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ tí a mọ̀. Ọyẹ́ wa a máa gbẹ ètè ẹni, ṣùgbọ́n tiwọn ń wọ inú eyín, èémí mi sì ń rú bí èéfín níwájú mi.

Henrik ló wá fi ọkọ̀ gbé mi. Òun ni ọ̀gá iṣẹ́ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ní kí n máa pe òun ní Henrik. Ẹnu mi kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Láti ìlú ńlá dé abúlé, bí ẹni ń ti Adó lọ Èkó, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá ni mo rí i pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ènìyàn á pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà tóóró, ọ̀kan á wolẹ̀, èkejì á wo òkè. Mo kí òṣìṣẹ́ tó ń tún afárá ṣe "ẹ kú iṣẹ́" ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Mo pe bàbá mi, mo sọ fún un pé àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i.

Ilé Marit ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń sin àgùntàn. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nítorí ó ṣe alásè nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀. Bí ó ti ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà bí Henrik ṣe ní kí n ṣe, mo sì kúnlẹ̀ láti kí i. Marit wò mí, ó wo ilẹ̀, òun náà sì fi ìrora kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri.

"Kí lo sọnù?" ni ó bi mí.

Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi bá a gbé ara rẹ̀ dìde. Ó ní kí n máa pe òun ní Marit. Mo ní ẹnu mi kò lè gbé e, pé Mama ni màá máa pè é. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀." Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní òkèèrè, kì í sì í pè é déédéé.

Odò tó dì

Lẹ́yìn ilé Marit, ọ̀nà kan gun òkè lọ sí ibi tí àwọn àgùntàn ti ń jẹko nígbà ooru. Lórí ọ̀nà náà gan-an ni odò yìnyín rọ̀ sí. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Mo ti yà á sójú pátákó bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo rí i ni mo mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé funfun ni gbogbo rẹ̀, àṣé inú rẹ̀ búlúù bí aró. Yìnyín tó ti já lulẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ló ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tó wá ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oyin tó ti dì. Bí o bá dúró tì í, á máa ké wíjẹ́wíjẹ́ nínú.

Ìbẹ̀rù àwọn ará abúlé ni pé bí ó bá ń yára jù, ẹnu rẹ̀ á já sórí ọ̀nà náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin náà ti kígbe sí òkè rí nígbà èwe, tí òkè dá yín lóhùn. Sátẹ́láìtì kan máa ń kọjá lójú ọ̀run, á ju irú ìpè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òkúta àti yìnyín á dá a lóhùn. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, á padà wá pe ìpè kan náà. Bí yìnyín bá ti sún, ì báà ṣe ìwọ̀n ìka kan, ohùn tó dá padà á yàtọ̀. Kùrukùru kò dí i lọ́wọ́, òkùnkùn kò dí i lọ́wọ́. A máa ń gbé páànù onígun mẹ́ta kalẹ̀ káàkiri kí ohùn lè dún padà ketekete.

Ṣùgbọ́n kí a tó lè sọ pé nǹkan kan rìn, ó di dandan kí a ní ohun tí kò rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ènìyàn ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: pèrègún ni a ń wò kí a tó mọ ẹni tó kọjá ààlà. Bí pèrègún fúnra rẹ̀ bá ń rìn, ta ló máa mọ olè? A máa ń yan àpáta kan tó fìdí múlẹ̀, a ó gbé páànù lé e, òun ni a ó fi wọn gbogbo ìyókù. Èmi ń pè é ní ẹlẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ata bò mọ́lẹ̀

Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò dídì ya lulẹ̀ láti òkè, ó gbá páànù orí ẹlẹ́rìí Henrik lọ, ó sì bo àpáta náà mọ́lẹ̀. Henrik ń rìnrìn-àjò lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n wá ibòmíràn gbé páànù tuntun sí. "Wá àpáta tó fìdí múlẹ̀," ló wí. "Bí o bá ń ṣiyèméjì, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé níbẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi, ọmọ Èkìtì, kí n máa béèrè àpáta lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Mo rìn yí ká ní wákàtí kan, mo rí òkúta kan tó ga tó ilé alájà kan, tó jókòó gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìnyín. Ewéko kéékèèké ti hù sí i lára, ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Nílé wa, ohun tó bá tóbi tó báyẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìlú dó. Mo gbé páànù lé e, mo dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irin. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́tò náà ni bàbá mi gbé kọ́ sí pálọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Marit se ẹran àgùntàn pẹ̀lú kábéèjì. Omi àti iyọ̀ ni, kò sí ata kan níbẹ̀. Oúnjẹ wọn a máa dákẹ́ lẹ́nu ẹni bí àwọn fúnra wọn. Wàràkàṣì wọn aláwọ̀ ilẹ̀, tó dùn bí súìtì, ni mo wá fẹ́ràn. Bí a ti ń jẹun, ó bi mí níbi tí mo gbé páànù sí. Mo júwe òkúta náà fún un.

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Òkúta yẹn?" ni ó wí. "Òkúta yẹn ń rìn."

Mo wò ó. Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ti na ọwọ́ sí fèrèsé láti fi ibìkan hàn mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo fa ike ata gígún tí mo gbé láti ilé yọ, mo ní, "Mama, ẹ jẹ́ kí n bù díẹ̀ sí i fún yín." Ó tọ́ ọ wò, ó húkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ òkúta parí síbẹ̀. N kò bi í mọ́, òun náà kò sì tún un sọ.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó dé sí mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyá tó bí bàbá mi fún yín. Ìyá Àgbà ń gbé lábúlé wa lọ́nà Ìyìn, àpáta ńlá kan sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Láràárọ̀, kí ó tó fi omi kan ẹnu, á lọ síwájú àpáta náà, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ jókòó dáadáa?" Bàbá mi kò lè gbà á. Ìbọ̀rìṣà ló pè é. Ó ní òun kò lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kátíkísìmù kí ìyá òun máa kí òkúta. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo dúró síwájú àpáta náà, mo tẹ ẹ̀yìn bíi ti Ìyá Àgbà, mo ń sín in jẹ, "Ṣé ẹ jókòó dáadáa?" Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Nígbà tí mo yíjú, Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bá mi wí. Ó kàn wò mí, ó sì padà wọlé.

Láti ìgbà náà, bí àgbàlagbà kan bá ti sọ̀rọ̀ òkúta bí ẹni tó lẹ́sẹ̀, etí mi ti dí. Mo gbà pé àìkàwé ni. Nígbà tí Marit ní òkúta ń rìn, mo ní nínú ara mi pé, ó ṣe, àwọn òyìnbó náà ní irú tiwọn.

"Ó dá mi lójú, Mama"

Nígbà ooru, a kó ohùn tí sátẹ́láìtì gbà jọ, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èsì tó jáde dùn mọ́ni. Ìrìn odò yìnyín náà ti dín kù dé bí ìdajì ti ọdún tó kọjá. Henrik wò ó, ó bi mí bóyá ẹlẹ́rìí dúró dáadáa. Mo ní àpáta ni, gbagidi. Ó gbà mí gbọ́.

Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn wọn. Wọ́n fi kọfí àti wọ́fù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ, ṣe wá lálejò. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Àwọn tí wọ́n máa pinnu bóyá kí wọ́n ti ọ̀nà àgùntàn náà jókòó níwájú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níkẹyìn, Marit nìkan ló nawọ́.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mama."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Wọn kò ti ọ̀nà náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Marit bi mí bóyá ìyá mi àgbà wà láyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà olówùú fún un, aláwọ̀ pupa. Ó ní àwọn ará orí òkè máa ń nílò fìlà. Mo fẹ́ sọ fún un pé ooru ló ń yọ wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, mo sì kúnlẹ̀. Kò wá nǹkan kan nílẹ̀ mọ́ nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ tó fún mi ní fìlà náà, òun àti ajá rẹ̀ kó àgùntàn gòkè lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mò ń fọ abọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo kan, bí ìgbà tí típà mẹ́wàá bá da gíráńáìtì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sáré jáde, kùrukùru funfun ti bo ọ̀nà náà.

Ògiri òkúta àtijọ́ kan ni Marit sá sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ní ibi méjì. Àgùntàn mọ́kànlá àti ajá rẹ̀ kú sábẹ́ yìnyín. Nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá lọ́dọ̀ mi lórí àkéte, ojú rẹ̀ funfun. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó mọ̀.

Bí mo ṣe sá

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Henrik fi àpáta kan ní òdìkejì àfonífojì tún gbogbo nǹkan wọ̀n. Ó pè mí wá wo kọ̀ǹpútà. Òkúta mi ń rìn. Yìnyín tó ti pẹ́ wà lábẹ́ ẹrẹ̀ tó jókòó lé, ó sì ń bá odò ṣàn wálẹ̀ pẹ̀lú páànù lórí. Bí odò ti ń sáré ni ẹlẹ́rìí náà ń sáré tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí èmi fi rí i pé odò rọra. Kò rọra rárá. Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Henrik bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni lábúlé sọ nǹkan kan fún ọ nípa òkúta yìí?"

Mo ní, "Rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní ẹ̀bi òun náà ni, òun ló yẹ kí ó yẹ iṣẹ́ mi wò. Ì bá sàn fún mi kó gbá mi létí.

Marit wà ní ọsibítù, ìrìn wákàtí kan ni pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. N kò lọ. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Henrik dé láti ibẹ̀, ó ní, "Marit ń béèrè rẹ. Ó ní ẹni tó ń pe òun ní Mama kò tíì wá." Mo ní màá lọ lọ́la. Lọ́la náà, mo di ẹrù mi, mo yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà, mo wọ bọ́ọ̀sì pápákọ̀. Bọ́ọ̀sì náà gba iwájú ọsibítù kọjá. Ó tilẹ̀ dúró níbẹ̀, ènìyàn méjì sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin mọ ohun tí mo ṣe. Àwa tí a ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lásán ní pẹ̀lẹ́! Èmi tí mo pe àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ilé nítorí wọn kò dáhùn "ẹ kú iṣẹ́", èmi ni mo fi ẹni tó gbà mí sílé, tó bọ́ mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, sílẹ̀ láìkí. Mo dé ilé, ẹ ṣe ìdúpẹ́ fún mi, mo gba máìkì.

Àpáàdì

Ó tó oṣù méjì kí n tó gbé fìlà lọ fún Ìyá Àgbà. Ó jókòó lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gba fìlà náà, ó fọwọ́ pa á, ó dé e lórí gèlè, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló hun ún?"

Mo ní obìnrin àgbàlagbà kan ni. Ó ní báwo ni ó ṣe mọ òun. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òkúta dé orí bọ́ọ̀sì. Ìyá Àgbà kò dá mi dúró. Ìgbà tí mo parí, ó nawọ́ kí n fa òun dìde, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síwájú àpáta.

Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka hàn mí níbi tí ara àpáta ti pàdé ilẹ̀. Àlàfo tóóró kan wà níbẹ̀. Wọ́n ki àpáàdì kékeré kan bọ inú rẹ̀.

"Kí n tó lóyún bàbá rẹ," ló wí, "òkúta kan yí láti òkè, ó wó ulé mọ́ àwọn ará ulé kejì lórí. Láti ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi ti ki àpáàdì bọ ibẹ̀. Ó ní tí ulẹ̀ bá ti mọ́, kí n lọ wò ó. Bí àpáàdì bá bọ́, àpáta ti sún nìyẹn, ká kó ọmọ jáde."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ìkíni tí ẹ máa ń kí i ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Ṣé èèyàn lè lọ wo àgbà láìkí i ni?"

"Ẹ ò sọ fún Bàbá."

"Kò bi mí. Uwọ náà kò bi mí."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo ohun tí mo rìn dé Nọ́wè láti lọ kọ́, obìnrin tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń fi àpáàdì ṣe é lẹ́yìnkùlé wa kí wọ́n tó bí bàbá mi. A padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

"Yèyé yẹn ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Láti ìgbà tí uwọ ti dé ulé, o ò tíì kí i?"

Ìyá Àgbà ṣí fìlà pupa náà kúrò lórí, ó ká a, ó gbé e sórí ẹní láàárín wa. "Mi ò lè dé fìlà ẹni tí ọmọ mi ò kí," ló wí.

Níbẹ̀ ni mo ti pe Marit, pẹ̀lú fídíò, kí ẹ̀rù má baà tún gbé mi sá. Ó gbé e. Ojú rẹ̀ ti rù, ọ̀pá ìtilẹ̀ kan dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù lé orí àpótí, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, orí mi sì kan ilẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Kí lo sọnù?"

Mo sunkún. Mo ní, "Mama, ẹ sọ fún mi pé òkúta yẹn ń rìn. N kò gbọ́. Henrik sì bi mí bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún mi, mo parọ́, mo ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

Mo gbọ́ tó fa ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo mọ̀. Henrik wá bi èmi náà ní ọsibítù. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé mi ò sọ fún ọ."

"Kí lẹ wí fún un?"

"Mo ní n kò sọ nǹkan kan fún ọ."

"Kí ló dé, Mama?"

"O ń pè mí ní Mama," ló wí. Ó ní kò sí ìyá tó máa ń fi ọmọ rẹ̀ sùn níwájú ọ̀gá ọmọ. Ó wá bi mí bóyá fìlà náà bá ìyá mi àgbà lórí mu.

Gbogbo ìtìjú tí mo ti gbé kiri láti ìgbà yẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ìyá Àgbà ní kí n túmọ̀ ohun tí obìnrin náà sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i, kò wò mí.

"Ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ọ ru ẹrù rẹ," ló wí. "Lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà sí Henrik, mo sọ ohun tí mo gbọ́ nídìí oúnjẹ àti ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ. Kò tíì fèsì. Fìlà náà ṣì wà lórí ẹní. Ìyá Àgbà ní ó di ìgbà tí òun bá gbọ́ pé mo ti sọ ọ́ níbi tí mo ti parọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, mo máa tún bẹ àlùfáà fún máìkì. Mo ti sọ fún bàbá mi, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yìí mo rí i tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri, ó ní òun ń lọ kí ìyá òun lọ́nà Ìyìn. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ó jókòó bí ẹ ti jókòó lọ́jọ́ yẹn, n ó sì sọ ohun tí ẹ ti kà yìí ní ojú gbogbo yín. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àmín.